Orí Ta Ni?

Orí ara rẹ̀ ló lọ jí.

Mo tún un sọ fún ọ̀gá mi lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ó ń wò mí bí ẹni pé mo ti mu nǹkan kí n tó dé àgọ́ ọlọ́pàá. Fọ́tò dúdú ńlá kan wà lórí tábìlì rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ yà ní ilé ìwòsàn. Agbárí èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ sí igun ìsàlẹ̀, ọkùnrin tó sì ń jẹ́ orúkọ náà ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa láti ọ̀sán àná, ọjọ́ Àìkú.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Kátapílà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ni bẹ́líìtì àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò tó wúwo jù lọ. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń wó àwọn ọkùnrin lulẹ̀ bí ògiri alámọ̀. Àmọ́ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ó ti ń sá. Nínú ìjà méjì tó jà kẹ́yìn, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló ń rìn, ó ń dì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba ọkọ̀ lọ sí ìrìn àjò, máàkì bíńtín ló sì fi borí. Àwọn èrò ìwòran ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Rìfásì ni wọ́n ń pè é báyìí.

Ní ọ̀sán àná, nígbà tí ilé ìwòsàn ìgbìmọ̀ abẹ̀ṣẹ́ wà ní títì, ó fọ́ gíláàsì, ó wọlé, ó tú àpótí. Ojú fèrèsé ni ọlọ́dẹ ti bá a, ó gbé fọ́tò orí rẹ̀ sókè sójú oòrùn, ó ń wò ó.

"Oògùn ni," ni ọ̀gá mi wí. "Ó ti lo oògùn líle, èsì ìtọ̀ rẹ̀ ló lọ jí. Ìgbìmọ̀ máa jókòó láago mẹ́rin òní láti gba bẹ́líìtì àti ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ ọ́ pé oògùn ni, kó tán."

"Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni èsì ìtọ̀ wà, sà. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kọjá lára rẹ̀ lọ síbi fọ́tò orí."

"Ó ṣìnà ni."

"Ẹni tó ṣìnà kì í gbé ohun tó rí sójú oòrùn wò."

Ó mí kanlẹ̀. "Aago mẹ́rin, ìwọ obìnrin yìí. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, oògùn ni màá kọ."

Aago mẹ́sàn-án ti lù.

*

Ó jókòó sílẹ̀ ní igun sẹ́ẹ̀lì, ó fi apá òsì orí rẹ̀ ti ògiri. Jìbìtì ni wọ́n torí ẹ̀ mú àwọn méjì yòókù tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ti há mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ìyá, ẹ bá wa gbé e kúrò," ni ọ̀kan wí. "Ààyè ẹni mẹ́ta ló ń gbà."

"Rìfásì," ni èkejì wí, "bá wa padà sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Ṣebí iṣẹ́ ẹ ni."

Mo ní kí wọ́n panu mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ọkùnrin náà. Wọ́n ti gẹ irun orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa lápá ọ̀tún. Ti apá òsì kún bí igbó.

"Ta ló gẹ irun fún ẹ?"

"Èmi ni, ma."

"Abẹ lo fi gẹ̀ ẹ́, o wá dúró sí àárín?"

Ó yí ojú sí ògiri.

"Kí lo lọ wá ní ilé ìwòsàn?"

"Mo ti ní mo jẹ̀bi. Ẹ kọ ọ́ pé mo jẹ̀bi."

Eṣinṣin kan ń fò ní ẹ̀gbẹ́ etí òsì rẹ̀. Mo gbọ́wọ́ sókè láti lé e. Ọkùnrin yẹn, tó wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì méjì àti ààbọ̀, ká jọ bí ọmọdé. Kò yẹra bí abẹ̀ṣẹ́ ṣe ń yẹra. Ńṣe ló fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ orí kan ṣoṣo yẹn, bí ẹni tí ẹyin wà lábẹ́ awọ orí rẹ̀. Nígbà tó rí i pé eṣinṣin ni mo ń lé, ojú tì í, ó wolẹ̀. Àwọn méjì yẹn bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí mi. Kì í ṣe sí i. N kò tíì mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

*

Iṣẹ́ télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ bí ẹni tó ń gé ọrùn ọ̀tá.

"Ṣé ẹ wá sọ fún mi pé ojo ni ọkọ mi? Ẹ tò sẹ́yìn, àwọn kan ti ṣáájú yín."

"Mo wá béèrè ohun tó ń ṣe orí rẹ̀ ni."

Sísọ́ọ̀sì dúró.

Kí n má parọ́, ohun tí mo ti ń rò lójú ọ̀nà ni pé ẹnì kan ló ń fún un lówó kó máa sá. Mo wo òkè ṣọ́ọ̀bù náà. Páànù ń jò, abọ́ mẹ́ta ló fi gbe omi òjò. Mo pa èrò yẹn tì. Ẹni tó ta ìjà á kọ́kọ́ ra páànù.

"Ìjókòó ló ń sùn," ni obìnrin náà wí. "Oṣù mẹ́jọ. Orí èjìká rẹ̀ ni ọmọ wa máa ń gùn, ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò gbé e mọ́. Ó ní ọrùn ń dun òun. Ọrùn! Ọrùn tó tóbi ju ìbàdí mi lọ!"

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìjà òun àti Wẹ́dà. Ibùdó tí wọ́n ti ń múra ìjà ló wà." Wẹ́dà ni ọkùnrin tó ń jó irin kó tó di abẹ̀ṣẹ́. Kátapílà ló fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún gbé e ṣánlẹ̀ ní abala kẹfà, kò sì jà mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n ní ìtìjú ló lé e. "A ti di ẹrù nígbà yẹn, Àǹtí. Ọkọ mi fẹ́ fi Bàbá Olùkọ́ sílẹ̀, ká lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn ní ìlú míì. Nígbà tó ti ibùdó dé, ó ní ká tú ẹrù. Ó ní Bàbá nìkan ló lè dáàbò bo òun. Mo ní, lọ́wọ́ kí ni? Kò sọ."

"Ṣé fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibùdó?"

"Bàbá ló ń gba fóònù gbogbo wọn. Tí èmi ìyàwó bá pè é, bàbá yẹn ló ń gbé e."

Ó ní gbogbo ìjà ọkọ rẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀. A jọ wò ó, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Nínú ìjà Wẹ́dà, ẹ̀ṣẹ́ ń ba Kátapílà lórí ní ọ̀tún lósì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nínú ìjà méjì tó tẹ̀lé e, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Wọ́n gbá a ní ikùn, ó gbà. Wọ́n gbá a ní ìhà, ó gbà. Wọ́n fọ́ ọ nímú, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó gbà á. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ti fẹ́ kan orí lápá òsì, ó ti sá dé okùn.

"Ẹ dá a dúró níbẹ̀," ni mo wí. "Ìyá ọmọ, ọkọ yín kì í ṣe ojo."

"Ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́."

"Gbogbo ara ni ojo máa ń dáàbò bò. Ibì kan ṣoṣo lọkọ yín ń ṣọ́. Ẹnì kan ló sọ nǹkan fún un nípa ibẹ̀."

*

Òógùn àti rọ́bà ni ilé ìkọ́ṣẹ́ Bàbá Olùkọ́ ń rùn. Ọkùnrin gìrìwò kan tó ń lu àpò iyanrìn rí mi, ó sì kígbe sínú:

"Bàbá! Obìnrin kan ń wá ọ!"

"Ó ń wá ta?"

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Ó ń wá yín, sà."

"Igba."

Kò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè sódò, ó ń kà á lábẹ́ ẹnu. Bàbá Olùkọ́ jáde wá, ó ń ká báńdéèjì mọ́ ìka. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó tín-ín-rín, imú rẹ̀ ti wọ́ nígbà èwe.

"Ẹni tó bá ti fi 'o' bá àgbà sọ̀rọ̀ níbí, igba ni yóò tì," ló wí fún mi. "Bó ṣèèṣì ni, igba. Bó jẹ́ inú ìwé ló ti kọ ọ́, igba. Etí mi kì í gbà á. Ẹnu tí kò mọ àgbà, ọwọ́ rẹ̀ kò lè mọ ìjà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló ń ṣe Kátapílà?"

"Ọkàn rẹ̀ ló kú. Ẹ lọ bi ìyàwó rẹ̀. Tí obìnrin bá ti ń sunkún sí ọkùnrin létí ní gbogbo ìgbà, ọwọ́ rẹ̀ á wúwo. Èmi ni mo ń gbé e ró. Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa jà tí wọn ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi yín sílẹ̀ nígbà kan."

Báńdéèjì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló dé tí kò lọ mọ́?"

"Ó ronú," ló wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká báńdéèjì. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ dídùn. Mo dúpẹ́, mo jáde. Tí ẹnì kan bá ń pòwe fún mi nígbà tí mo ń bi í ní ìbéèrè, mo máa ń di àpò mi mú.

*

Wọ́n ṣì ń gbá gíláàsì nílẹ̀ nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó fọ́tò kéré lọ́jọ́ orí. Mo ní kó gbé fọ́tò tí mo mú wá sójú iná.

"Kí lo rí?"

"Kò sí nǹkan kan, ma. Orí yìí dá ṣáká. Ibi tó funfun yìí, egungun ni."

"Kátapílà ló ni ín."

"Mo mọ̀. Tirẹ̀ ò ní nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti..."

"Ti ta?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Wọ́n á lé mi níṣẹ́, ma."

"Ọkùnrin kan ló ń fi ara ti ògiri sẹ́ẹ̀lì yẹn. Sọ̀rọ̀."

Ó sọ ọ́. Lẹ́yìn ìjà yẹn, wọ́n ya orí àwọn méjèèjì. Kátapílà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kò béèrè ara rẹ̀, Wẹ́dà ló ń béèrè. Ó bẹ ọmọbìnrin náà pé tí èsì bá jáde, kó kọ̀wé sí òun lórí fóònù. Ọmọbìnrin náà ṣe ìlérí, ó sì kọ ọ́. Ó fà á jáde fún mi. Báyìí ló ṣe wà níbẹ̀:

*E kaasan egbon. Mo se ileri fun yin, mo si ti mu un se. Esi ti jade. Eje ti ya sinu ori re lapa osi. Dokita ni ti ese ba tun ba ori re, o le ja si iku. E jowo, e ma so pe emi ni mo so fun yin.*

Kò sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀. Ta ló ráyè fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ṣùgbọ́n mo wo *ori re* yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Fi ohùn kan kà á, orí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ni. Rẹ ohùn sílẹ̀ ní ìparí, orí ẹlòmíràn ni.

"Kí ló dá ẹ lóhùn?"

"Ó ní, 'Mo ti gbọ́. Má pè mí mọ́.' Ó dùn mí, ma. Mo rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni."

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé àṣìṣe ni. Wọ́n ṣì í kà, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ìbínú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tún un kà láti òkè.

"Kí lo máa ń pe Kátapílà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ma."

"Ǹjẹ́ o lè sọ fún un pé 'orí rẹ'?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. "Èmi? Ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ? 'Orí yín' ni màá kọ, ma. Ṣé n kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni?"

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú.

*

Àwọn méje ló jókòó nídìí tábìlì ìgbìmọ̀. Rẹfirí tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wọn. Bẹ́líìtì wà níwájú rẹ̀ nínú ọ̀rá, bí ẹran tí wọ́n rà lọ́jà. Mo mú Kátapílà wọlé láìdè é. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́yìn, Bàbá Olùkọ́ níwájú, ó wọ kóòtù.

Mo fún Bàbá Olùkọ́ ní fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa kà á sókè. Ojú mi ò ríran tó."

Ó rí ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kà á, kò wo ojú mi, Kátapílà ló ń wò: "Ẹ̀jẹ̀ ti yà sínú orí rẹ lápá òsì. Dókítà ní tí ẹ̀ṣẹ́ bá tún ba orí rẹ, ó lè já sí ikú."

Ọwọ́ Kátapílà ti gòkè lọ sẹ́bàá etí.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kà á fún un ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n kọ ni mo kà. Mo fi hàn án, òun náà fojú rí i. Mo bò ó láṣìírí kí ẹ̀yin má bàa gba iṣẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni."

"Mo bi í léèrè Wẹ́dà," ni Kátapílà wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa la ẹnu níwájú ìgbìmọ̀. "Bàbá ní, o ń béèrè orí ẹlòmíràn, tìẹ ló fọ́. Ó ní tí mo bá lọ bi nọ́ọ̀sì, ìgbìmọ̀ á gbọ́. Ó ní kí n má sọ fún ìyàwó mi. Ẹni tí mo fẹ́ bá jà ní Sátidé yìí lágbára. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ti gbẹ."

"Bàbá," ni mo wí, "ọmọ ọdún mélòó ni nọ́ọ̀sì yẹn?"

"Èwo ló kàn mí? Ọmọ kékeré kan ni."

"Ó ní 'ẹ káàsán ẹ̀gbọ́n.' Ó ní 'fún yín.' Ó ní 'ẹ jọ̀ọ́.' Ó wá dé orí orí, ó ní 'orí rẹ'. Ẹ̀yin tí etí yín kì í gbà á, tó bá jẹ́ inú ìwé pàápàá. Igba mélòó lẹ ní kó tì?"

Ọ̀kan nínú àwọn méje rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ni, ó dákẹ́.

Mo tẹ́ fọ́tò sórí bẹ́líìtì. "Orí Kátapílà nìyí. Kò ní nǹkan kan. 'Orí rẹ̀' ni ọmọbìnrin yẹn kọ. Orí Wẹ́dà ni. Ẹ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí ẹ kà á, nítorí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n jù yín lọ."

Bàbá Olùkọ́ dìde. Gbogbo òwe ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá! Kò mọ ẹsẹ̀ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi! Ó wá di ẹrù lẹ́yìn mi! Ẹ̀rù ló ń mú èèyàn jókòó. Ẹni tí kò bẹ̀rù, ó ń lọ ni. Gbogbo wọn ló ń lọ!"

"Ọmọ mi," ni télọ̀ wí láti ẹ̀yìn. Kò pariwo, síbẹ̀ gbogbo wa gbọ́. "Oṣù mẹ́jọ ló fi ń bi mí pé kí lòun ṣe tí bàbá òun ò gbé òun mọ́. Ẹ wá dá a lóhùn, sà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé kà."

Bàbá Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dí bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀.

Mo ti wo ìwé òfin kí n tó wá. Òfin wà fún gíláàsì tó fọ́, ó kọ oṣù mélòó àti iye owó. Mo wá ibi tó ti mẹ́nu ba ẹni tó fi ohùn kan ṣoṣo ti ọkùnrin mọ́ inú orí ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Kò síbẹ̀. Bàbá Olùkọ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, n kò sì lè dá a dúró. Ó ṣì ń bí mi nínú títí di òní.

Àwọn méje forí korí. Alága ní Bàbá Olùkọ́ kò gbọdọ̀ wọ ibi ìjà kankan mọ́. Ó ní kí Kátapílà san owó gíláàsì. Ó ti bẹ́líìtì sí i lórí tábìlì, ìwé àṣẹ wà lórí rẹ̀.

"Tìẹ ni. Ìjà Sátidé ṣì wà. Ṣé wàá jà?"

Kátapílà ti sọ ọwọ́ òsì kalẹ̀ kúrò ní orí. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń wò báyìí, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń wo eegun ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ṣọ̀fọ̀ ara mi," ló wí. "Ọwọ́ yìí ló ṣe é fún un, n kò tiẹ̀ lọ kí i."

"Mo ní ṣé wàá jà ní Sátidé?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá Wẹ́dà wà láàyè."

Alága wo ẹni tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Onítọ̀hún wo ẹni tó tẹ̀lé e. Mo ti bi nọ́ọ̀sì ní ohun gbogbo lọ́sàn-án yẹn, èmi náà ò bi í léèrè ìyẹn. Kò sẹ́nì kan nínú yàrá yẹn tó lè dá a lóhùn.